Ọwọ́ Tó Ń Wo Ẹ̀yìn: Bó Ṣe Dé Igbóbì, Tó Fi Dé Ọ̀dọ̀ Wa ní Bìní

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ádímìn sọ sínú gúrúùpù ní alẹ́ Sátidé, ohùn márùn-ún. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn, àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù.

OHÙN KÌN-ÍN-NÍ

    

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro ni mo mú wá lónìí. Ṣé ẹ rí i, àìsàn oníṣòwò ni. Àpò ìrẹsì kan, 50 kìlò. Tí ọkọ̀ bá dé lóru tí kò sí alábàárù, àwa náà la máa sọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ru nǹkan kan ńkọ́? Ó ń jókòó sórí àpótí láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gba gbogbo rẹ̀. Àwọn àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé ní ọdún 2020, 619 mílíọ̀nù èèyàn láyé ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọdún 2050, ó lè tó 843 mílíọ̀nù. Torí náà kì í ṣe pé ẹnì kan ń ṣe wá. Ayé ló ní i.

Àmọ́ awuyewuye tó wà nínú gúrúùpù wa ni mo fẹ́ dáhùn. Àwọn kan ní iṣẹ́ òyìnbó ni físíò, pé kí ni èèyàn máa lọ sanwó sí fún kí wọ́n fi ọwọ́ kan òun lẹ́yìn. Àwọn kan ní kò sí ohun tí òyìnbó mọ̀ nípa ẹ̀yìn tí ìyá àgbà wa ò mọ̀. Àwọn kan wà láàárín, fídíò ni wọ́n ń wò, ti àwọn tó máa ń ká ẹ̀yìn èèyàn tó máa dún "kà!" Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn iṣẹ́ yìí. Tí a bá mọ ọ̀nà tó gbà wá, a ó mọ ọwọ́ tó yẹ ká gbé ẹ̀yìn wa lé.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí físíò tó dé ilẹ̀ wa, ọwọ́ ti wà. Ta ni kò rí i níbí? Bàbá á ti oko dé, á dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, á ní kí ọmọ kékeré gun òun lẹ́yìn kó máa tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bá bímọ, wọ́n á fi omi gbígbóná àti aṣọ jó ara rẹ̀, wọ́n á fi òrí wọ́ ọ níbàdí. Àwọn tó ń to eegun wà ní ìlú gbogbo, ẹni tó bá já láti orí ọ̀pẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e lọ. Nǹkan gidi ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́. A máa ń pe gbogbo ẹ̀yìn ríro ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀yìn bá ti ro, agbo ni. Àmọ́ ẹ̀yìn tí àpò ìrẹsì ṣe, agbo inú ìgò kò lè bá a débẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti wúlò.

OHÙN KEJÌ

Ó dáa. Ṣé àwa nìkan ni? Rárá o. Nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní ti Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ó wà níbẹ̀ pé wọ́n á na aláìsàn sórí pákó, wọ́n á fi okùn fà á lókè àti nísàlẹ̀, ẹnì kan á fi ọwọ́ tẹ ibi tó wú lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó jókòó lé e, tàbí kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ bí? Ọmọ tó ń gun bàbá lẹ́yìn nílé wa, ó ní ẹ̀gbọ́n ní Gíríìkì. Torí náà ẹni tó bá ní ọwọ́ jẹ́ ti òyìnbó, kò rí i sọ. Ẹni tó ní tiwa nìkan ni, òun náà kò rí i sọ.

Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Per Henrik Ling. Olùkọ́ idà jíjà ni. Ní ọdún 1813, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Stockholm, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń fi eré ara àti ọwọ́ wo ara. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù.

Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, wàhálà dé. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ó jọ ti wa. Àwọn kan ṣí ilé wíwọ́ra káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wíwọ́ra wulẹ̀ jẹ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 1894, ìwé ìròyìn àwọn dókítà pariwo rẹ̀ síta. Ojú wá ń ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn obìnrin mẹ́rin, Lucy Robinson, Rosalind Paget, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Wọ́n fi òfin sí i. O ò gbọdọ̀ wọ́ ara ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó o ṣe é. O ò gbọdọ̀ ta oògùn fún ẹni tó ò ń tọ́jú. O ò gbọdọ̀ polówó ara rẹ kiri. Kí wọ́n tó gbà ọ́, o máa ṣe ìdánwò.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin mọ ohun tí wọ́n ṣe yẹn. Tí ayédèrú bá pọ̀ lọ́jà, àwọn tó ń ta ojúlówó á kóra jọ, wọ́n á fi àmì sí ọjà tiwọn. Nǹkan tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ní ọdún 1920, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1944, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti físíò tí a mọ̀ lónìí.

Àwọn tó ń dún "kà!" náà ní ìtàn tiwọn. Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1895, ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ẹnì kan tó ń jẹ́ Daniel David Palmer tẹ eegun ẹ̀yìn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbálẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni Harvey Lillard. Etí ọkùnrin náà ti di fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Palmer ní lẹ́yìn tí òun tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ràn. Láti ibẹ̀ ló ti dá iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní chiropractic sílẹ̀. Palmer gbà pé eegun tó yẹ̀ lẹ́yìn ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìsàn ayé. Ìwádìí kò gbe ìyẹn lẹ́yìn. Àmọ́ títẹ eegun ẹ̀yìn fún ẹ̀yìn tó ń ro, ìyẹn yàtọ̀, a máa débẹ̀.

OHÙN KẸTA

Báwo ló ṣe wá dé Nàìjíríà? Ogun ló gbé e wá. Ogun Hitila, ogun Bọ́mà.

Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà lọ sí Bọ́mà, ẹ máa rántí. Àwọn sọ́jà ilẹ̀ wa wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, 81 àti 82. Ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ 81 wọ àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Kaladan. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Igbó, òkè, ẹrẹ̀ àti òjò ni. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ta ló ń kó o? Àwọn tí iṣẹ́ tiwọn nínú ogun náà jẹ́ ẹrù rírù. Orí ni wọ́n fi ń ru ú, bí àwọn alábàárù tí ẹ ń rí l'Ọ́jà Ọba láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ Áfíríkà ja ogun yẹn. Nígbà tí wọ́n ń ka ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ, díẹ̀ ni wọ́n ka àwọn tó ru ẹrù mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn sọ́jà ń padà bọ̀, àwọn kan kò lẹ́sẹ̀ mọ́, àwọn kan ọwọ́ wọn kò ká, àwọn kan kò lè nàró. Ìjọba wá ní láti wá ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú wọn. Ibẹ̀ ni Igbóbì ti wáyé, ní Èkó, ní ọdún 1945. Ilé ìwòsàn egungun tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n ń fi èèyàn tí mọ́tò gbá ránṣẹ́ sí, torí àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Òyìnbó méjì ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ físíò níbẹ̀, Miss Manfield àti Mr. Williams. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ méjì lọ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kí wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wo bó ṣe rí: olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè wọ́n. Ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ló ń tẹ aláìsàn, àmọ́ orúkọ òyìnbó ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà, ó di dandan kó wọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn kan lọ, wọ́n sì padà wá. Ní ọdún 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ físíò Nàìjíríà ti dúró. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ náà títí dé ìwé oyè. Lẹ́yìn náà ni Èkó àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1988, ìjọba ṣe òfin kan, Decree 38, tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn, tó bá pe ara rẹ̀ ní físíò, ó ń tan yín ni.

Níhìn-ín ní Bìní ńkọ́? Ilé ìwòsàn UBTH tó wà ní Ugbowo, ọdún 1973 ló ṣí, wọ́n sì ní ẹ̀ka físíò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ẹnu ọ̀nà UBTH kọjá lọ Uselu lójoojúmọ́ tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ wà fún ẹ̀yìn òun.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan kí n tó kúrò níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vincent Nwuga, Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n físíò àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni. Ní ọdún 1976, ó kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń fi ọwọ́ tún eegun ẹ̀yìn ṣe, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Nàìjíríà kọ ìwé, òyìnbó ń kà á láti mọ ẹ̀yìn wò! Ọgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ wà tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Aláìsàn á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, oníṣẹ́ náà á gbé ọwọ́ lé eegun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tún máa tú u sílẹ̀, lọ́nà tó ṣe déédéé, bí ìgbà tí èèyàn ń po ìyẹ̀fun. Kò sí "kà!" níbẹ̀. Ní ọdún 1982, ó gbé ìwádìí kan jáde tó fi irú ìtọ́jú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wé ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó gba ti ọwọ́ ló sì ṣe dáadáa jù.

OHÙN KẸRIN

Ẹ má bínú, ináa lọ, mo ti tan jẹ̀nẹ̀rétọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé àwọn oníṣẹ́ náà ń yí èrò wọn padà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe rò ó.

Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, nǹkan kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ní ọdún 1934, dókítà méjì ní Boston, Mixter àti Barr, fi hàn pé tìmùtìmù yìí lè yọ jáde kó tẹ iṣan, ìrora á sì ṣàn wọ ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀rù wá ń ba gbogbo ayé. Ẹ̀yìn bá ti ro, wọ́n á ní kí èèyàn lọ dùbúlẹ̀, kó má mira, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Paul Williams ní Dallas gbé eré ara kan jáde lẹ́yìn náà, ó ní kí aláìsàn máa tẹ ara síwájú, kó máa ká orúnkún mọ́ àyà. Gbogbo ayé gbà á. Ní ọdún 1956, ní ìlú Wellington, ní New Zealand, oníṣẹ́ físíò kan tó ń jẹ́ Robin McKenzie ń tọ́jú ọkùnrin kan tí ìrora ti ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò gbọ́ oògùn. Ó ní kó lọ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó dúró de òun. Ẹni tó lo bẹ́ẹ̀dì náà ṣáájú ti gbé ibi orí rẹ̀ sókè, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, èyí tí gbogbo ìwé ní kò gbọdọ̀ ṣe. McKenzie wọlé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àyà rẹ̀ já. Ó bi í pé báwo ni. Ọkùnrin náà ní ara òun kò tíì dára tó báyìí láti ọjọ́ tó ti ń dun òun, ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́. McKenzie kò ní kó dìde kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó wádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1985, Nwuga tiwa àti Nwuga kejì fi ti Williams àti ti McKenzie wé ara wọn lórí aláìsàn. Ti McKenzie ló borí.

Èyí tó kan àpò owó wa ni ti 1986. Àwọn dókítà ní Texas mú aláìsàn 203. Wọ́n ní kí apá kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí apá kejì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ara àwọn méjèèjì yá bákan náà, àmọ́ àwọn ọlọ́jọ́ méjì padà sẹ́nu iṣẹ́ kíákíá jù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan torí ẹ̀yìn, ẹ gbọ́ o. Dídùbúlẹ̀ pẹ́ kì í ṣe oògùn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, WHO gbé ìlànà jáde fún ẹ̀yìn tó ti ń ro fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fara mọ́ eré ara, ẹ̀kọ́ nípa ara ẹni, fífi ọwọ́ tún eegun ẹ̀yìn ṣe, àti wíwọ́ra. Wọn kò fara mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé kiri ọjà wa yìí. Wọn kò fara mọ́ fífa èèyàn bí okùn. Wọn kò fara mọ́ àwọn oògùn apàrora líle bíi tramadol. Ẹ rí i pé Hippocrates gba ibì kan, ó pàdánù ibì kan.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ó ku èyí tó kàn wá gan-an.

Ìró "kà!" tí ẹ ń gbọ́ nínú fídíò yẹn, eegun kọ́ ló ń wọlé. Omi wà nínú oríkèé, afẹ́fẹ́ wà nínú omi náà. Tí wọ́n bá fà á lójijì, á dún, bí ìgbà tí ẹ bá ń ká ìka ọwọ́. Ó lè mú ara fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Ìró kọ́ ni ìwòsàn.

Èmi náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan rí tó ní òun ń to ẹ̀yìn. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò bi mí bóyá mo ṣubú, kò bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi kú. Ó gbé orúnkún lé mi, owó ló kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí ọ̀dọ̀ físíò gidi. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, bí ọmọ àbúrò mi. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló fi ń bi mí ní ìbéèrè kó tó fi ọwọ́ kàn mí. Ó ní kí n tẹ̀ síwájú, kí n tẹ̀ sẹ́yìn, kí n fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Gbogbo ọwọ́ tó fi tẹ̀ mí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó wá kọ́ mi ní eré ara mẹ́ta tí mo ń ṣe nílé. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyẹn. Ìyá àgbà ní ọwọ́, Gíríìkì ní ọwọ́, ẹni ìta yẹn náà ní ọwọ́. Ohun tí àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn fi kún un ní 1894 ni ìbéèrè kí ọwọ́ tó kan ara, àti ẹni tí a lè pè wá jẹ́jọ́ tí ọwọ́ bá ṣe jù.

Torí náà, ìyá wa kan wà nínú gúrúùpù yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọn kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ti fẹ́ yọ owó nínú àpò wa fún wọn. Àwọn kan ní kí a fi sanwó fún oní-"kà!" inú fídíò. Èrò tèmi, mo sì máa sọ ọ́ ní ìpàdé: kí owó ẹgbẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà àti físíò yẹ̀ wọ́n wò, kó sì san ti ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n máa padà lọ, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Èyí tó bá kù, kí a fi gba alábàárù fún wọn fún oṣù méjì. Tí a bá wo ẹ̀yìn sàn tí a sì dá àpò ìrẹsì padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí la ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ń dun èèyàn, tí kò sì lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde rárá. Tí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru yẹn náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tẹ ẹ́. Tí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ara bá ń gbẹ láìnídìí, tàbí tó jẹ́ pé ó ṣubú tàbí ọkọ̀ gbá a, tàbí tí àgbàlagbà ni tí eegun rẹ̀ ti gbó, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kù, ẹ̀yìn ríro lásán, tí kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa rìn. Ẹ máa dìde lórí àpótí. Ẹ pín àpò ńlá sí méjì kí ẹ tó gbé e, ẹ sì jẹ́ kó sún mọ́ àyà yín. Ẹ sanwó fún alábàárù, kí ẹ sì má dì í lérù pa, òun náà ní ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, mo máa gbọ́ ọ tí mo bá ti ọjà dé.  Ọlọ́run á fún wa ní ẹ̀yìn tí a ó fi ru èrè wálé.